Tìróò Olórin Rọ́ọ̀kì

Bí ìyàwó kan bá ń tàn yanranyanran lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Tokpota, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Ramanou télọ̀ ló rán aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ràn ohun tó ń dán ju bó ṣe yẹ lọ. Ègé aṣọ tó bá ṣẹ́ kù, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé e wọ̀. Wọ́n ti dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀, Ẹlẹ́wù Dídán lorúkọ rẹ̀, gìtá wọn sì ń ké débi pé ewúrẹ́ àdúgbò mọ ọjọ́ ìdánrawò. Ẹni tí kò tíì rí bàtà gogoro wọn kò tíì rí nǹkan kan.

Wọ́n forí ṣe, wọ́n fọrùn ṣe, àwo orin wọn àkọ́kọ́ wá jáde. Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fẹ́ fi lé aráyé lọ́wọ́, nínú àgbàlá kan ní Dowa. Inú Ramanou ń dùn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bàbá rẹ̀, Áfáà Souaïbou, kò tíì gbọ́ orin rẹ̀ rí, ohun tó sì wù ú jù láyé ni kí bàbá náà jókòó níwájú lọ́jọ́ yẹn. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ohun tí kò sọ fún un ni pé òun máa kun ojú bí ìyàwó tuntun.

Ó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tó ń fi kírèyọ̀n táwọn obìnrin fi ń ṣojú kun ìpéǹpéjú, òógùn sì ń fọ̀ ọ́ wálẹ̀ sẹ́rẹ̀kẹ́, ni Bàbá bá yọjú.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ta ló ṣe ojú ẹ báyìí?"

"Èmi ni."

"O ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Bàbá jókòó tì í, ó kiwọ́ bọ àpò, ó mú ìgò tìróò jáde. Ojú ti Ramanou, ẹ̀rín sì ń pa á. Jímọ́ọ̀ kan kì í kọjá kí Bàbá má lé tìróò, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn olórin òyìnbó ni Ramanou rò pé òun ti rí ọkùnrin tó ń kunjú!

"Súnnà ni," ni Bàbá wí. "Ànábì pàápàá lé e. Gbójú sókè. Má ṣẹ́jú."

Nígbà tí gìtá kọ́kọ́ ké, Bàbá fìka di etí méjèèjì níwájú. Ramanou rò pé bàbá òun ti fẹ́ dìde lọ. Bàbá kò lọ. Orin kẹta ń parí lọ nígbà tí ọkùnrin kan fọwọ́ tọ́ ọ, ó nàka sí Ramanou, ó ń bi í pé ta lẹni tójú rẹ̀ ń dán yẹn. Ìnàka náà yé Bàbá, ṣùgbọ́n etí dídí kò jẹ́ kó mọ̀ pé gìtá ti dákẹ́, ló bá pariwo kí ọkùnrin náà lè gbọ́:

"Ọmọ mi ni! Èmi ni mo bí i!"

Gbogbo àgbàlá gbọ́. Ramanou gbàgbé orin tó kàn.