Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Fi Gba Ìwé Àṣẹ

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ ọ̀gá wa ní yunifásítì aládàáni kan ní Yopougon, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, níbi tí mo ti ń bójú tó ilé ìkàwé, pé kó jẹ́ kí n máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀, tí a sì ń mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rín ló máa ń fi dá mi lóhùn: "Madame, ṣé wọn ò mọ fóònù tẹ̀ ni?"

Nígbà tí ìjọba wá sọ pé yunifásítì tí kò bá ní ẹ̀kọ́ yìí kò ní gba ìwé àṣẹ, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sáré wá bá mi. Wọ́n kun yàrá kan, wọ́n kó kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé nítorí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba tó ń bọ̀ ni, síbẹ̀ tọkàntọkàn ni mo fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ lọ́jà Adjamé. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ le.

"Tantí, wọ́n kọ ọ́ sórí ìkànnì wa pé yunifásítì kan ní France tẹ́wọ́ gba diplôme, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún wa níbí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ṣe kọ́ wa. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ wá rí."

Mo sọ fún ọ̀gá. Ó ní òun á tún un ṣe. Kò ṣe nǹkan kan.

Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò dé, ọ̀kan nínú wọn bi kíláàsì léèrè pé kí ni wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ náà yẹ̀ wò. Ọmọ náà dìde, ó sọ gbogbo rẹ̀. Olùyẹ̀wò mirí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó yìn mí pé ẹ̀kọ́ náà wọ̀ wọ́n lára. Kò bèèrè nípa diplôme.

A gba ìwé àṣẹ. Wọ́n pa màlúù. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n sì pe ọmọ náà síwájú ìgbìmọ̀ pé ó ba orúkọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Kí wọ́n má baà lé e, wọ́n ní kó tọrọ àforíjì lójú gbogbo kíláàsì. Ó tọrọ rẹ̀. Faransé tó dán ló fi tọrọ rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú.

Bàbá rẹ̀ dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ ṣeun o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìwé nìkan ni mo rán ọmọ mi wá kà. Ẹ má kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn mọ́."