Mo Dọ̀bálẹ̀, Mo Rí Ibi Tó Ti Ń Jò

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ rà láyé mi, omi ló ń mu bí ẹni tó jẹ iyọ̀ yó. Tíṣà ni mí ní Ṣakí nígbà náà, kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí ìjọba ní kí gbogbo wa máa wakọ̀ lápá ọ̀tún títì. Bí mo bá wà á dé Ìsẹ́yìn, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná á ti sáré lọ síbi pupa, rédíétọ̀ á sì ti gbẹ táútáú. Mẹkáníìkì kan ní ìdérí rédíétọ̀ ni. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ló ti jó. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, tí kò wakọ̀ rí, ní inú ló ń bí ọkọ̀ náà. Gbogbo wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó láti òkè bí ẹni tó wá kí olókùnrùn. Bó bá sì ti tutù, kì í jò. Àràárọ̀ ni mò ń tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, gbígbẹ ló máa ń wà. Ọkọ̀ yẹn bí mi nínú débi pé mo gbá a nípàá lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yẹn ni ọmọ Ìgbòho kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ṣakí. Èmi àti ẹ̀ ti gbà, ó ku bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá náà, kò sì fẹ́ rí tíṣà sójú. Ó ní tíṣà kì í dọ̀bálẹ̀, ó ní wọ́n kàn máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí kọ́bọ̀ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà kan ti wá ṣáájú mi, ó wọ ṣòkòtò funfun, ó bá fi ìka kan kan ilẹ̀. Bàbá ní kó máa fi ìka náà júwe ọ̀nà ilé fún ara rẹ̀. Ó wá ránṣẹ́ sí mi pé kí n dá wá lọ́jọ́ Sátidé, kí òun fojú ara òun rí mi. Bí mi ò bá wu òun, kí n má wulẹ̀ yọ ẹbí mi lẹ́nu.

“Ẹ dọ̀bálẹ̀ kanlẹ̀ o,” ọmọbìnrin náà kìlọ̀ fún mi. “Bí ẹ bá fi orúnkún dúró, ó parí nìyẹn.”

Mo wọ aṣọ òfì tí mo rà ní Ìsẹ́yìn, mo kó kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, eruku pupa bo gbogbo ọ̀nà. Kí n tó dé Ìgbòho, ọkọ̀ ti mu gbogbo omi náà tán, èmi tí mo wà á kò rí ẹ̀kán kan fi tọ́ ọ̀fun. Bí mo ṣe yà síwájú ilé wọn, èéfín ti ń rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàbá sì ti dìde lórí àga, ó ń bọ̀ wá pàdé mi, ọmọbìnrin náà tó ti ṣáájú mi wálé ń tẹ̀ lé e. Mi ò ráyè pa ẹ́ńjìnnì. Mo fò bọ́ sílẹ̀, mo nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú.

“Ẹ káàsán o, bàbá!”

Mo fi àyà lélẹ̀. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, mo fi tòsì lélẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Ibi tí mo ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ yìí ni ojú mi ti bọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Tó! Omi kan kán sílẹ̀. Tó! Òmíràn tún kán. Háà! Ọwọ́ ba olè lónìí!

“Dìde,” bàbá wí.

Mi ò gbọ́. Omi náà ń ti ibì kan ṣàn bọ̀ lókè, mo sì fẹ́ mọ ibẹ̀. Mo fi ikùn wọ́ síwájú díẹ̀.

“Mo ní o dìde, ó ti tó.”

Mo tún wọ́. Gbogbo òkè ara mi ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ló kù lóde tó ń kí bàbá. Ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú fúnra rẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn bàbá, ẹ̀rù ti ń bà á: “Ṣé kò kú báyìí?”

“Kò kú, bàbá,” ọmọbìnrin náà dáhùn, ẹ̀rín fẹ́ pa á. “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì.”

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Kí lo ń wá níbẹ̀?”

“Omi ni, bàbá! Mo ti fẹ́ẹ̀ rí ibi tó ti ń jò!”

“Níbo?”

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kó má fẹ́ wò ó? Bàbá kúnlẹ̀, kò rí i. Ó fọwọ́ tilẹ̀, kò rí i. Ló bá kúkú fi àyà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun náà wọ́ wọlé. A jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà: rọ́bà tó ń gbé omi kúrò nísàlẹ̀ rédíétọ̀ ti là lẹ́yìn, níbi tí ojú ẹni tó dúró kò lè dé láéláé. Ìgbà tó bá gbóná ni ojú ibẹ̀ ń là.

“Òun rèé!” bàbá pariwo. “Wò ó, ó la ẹnu sílẹ̀!”

Ibẹ̀ la wà, tí inú wa ń dùn, tí ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin, ìyá àgbà agboolé náà, fi jáde síta. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló rí: ti ẹni tó wá tọrọ ọmọ, àti ti àbúrò rẹ̀ tó nà tì í.

“Yéè! Ẹ gbà mí o! Àbúrò mi ń dọ̀bálẹ̀ fún àna!”

Gbogbo agboolé tú jáde. Bàbá tó lé tíṣà nítorí ìka, tíṣà mìíràn ti wá dà á dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọmọ yìí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Bàbá kò dìde. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn tó yí ọkọ̀ ká, ó wúkọ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe lábẹ́ ọkọ̀: “Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún àna? Mò ń kọ́ ọ ni! Kò mọ̀ ọ́n ṣe! Àyà ni kó kanlẹ̀, àyà! Àbí èèyàn ò lè kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ara rẹ̀ mọ́ ni?”

Mo yáa tẹ àyà mọ́lẹ̀. “Ṣé báyìí ni, bàbá?”

“Tún un ṣe!”

Ìyá àgbà sún mọ́ ọkọ̀. Ó ní, “Ọmọ ta lo pè é?”

Ìyá àgbà kọjú sí àwọn èrò.

“Gbogbo yín lẹ gbọ́ o. Ó ní ọmọ òun ni.”

Ni àwọn obìnrin bá pariwo ayọ̀, ọmọbìnrin náà sì sá wọlé lọ rẹ́rìn-ín. Bàbá wọ́ jáde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀, ó ní kí n lọ mú ẹbí mi wá. Lẹ́yìn náà ló gé rọ́bà lára tọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti gbó, a fi wé ojú ibẹ̀ pinpin, a bu omi kún rédíétọ̀, mo sì padà dé Ṣakí láìfi omi kún un mọ́.

Nígbà tó yá, bàbá darúgbó, kò lè tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ yòówù kí èmi àtìyàwó mi gbé dé Ìgbòho, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni mo ti gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀. Bàbá á na ọ̀pá rẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

“Ṣé ó ń jò?”

“Kò jò, bàbá.”

“Wò ó dáadáa.”

Màá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, màá fi tòsì lélẹ̀, màá wò ó dáadáa.

“Kò jò.”

“Ó dáa. Dìde, ọmọ mi.”