Télọ̀ Tó Ń Fi Téèpù Wọ̀n Oúnjẹ

Ṣòkòtò ọkọ-ìyàwó ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rántí bí ọ̀rọ̀ olóògbé télọ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Rún-un-Kúnná bá délẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ọkọ-ìyàwó gbé ṣòkòtò wọ̀, ṣòkòtò kò gbà á. Ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀ fara balẹ̀, ó fi téèpù yí i nídìí, ó mi orí.

"Ṣòkòtò yìí kò kéré," ni ó wí. "Ìdí tó yẹ kó o ní ni mo rán an sí. Ṣebí mo ti sọ fún ẹ láti oṣù tó kọjá pé kó o yé gbé oúnjẹ mì bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?"

Àwọn kan a máa sọ pé ṣòkòtò náà ya níwájú àlejò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó télọ̀ wà níbẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi irọ́ kún un. Píìnì ni wọ́n fi há a, ọkọ-ìyàwó kò sì lè jókòó títí ayẹyẹ fi parí. Ìdúró ni ó jẹun, díẹ̀díẹ̀, torí bó bá gbé òkèlè ńlá mì, píìnì á gún un. Télọ̀ ń wò ó láti òkèèrè, ó fọwọ́ tọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé ó rí i, ọmọ náà ti ń mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín ara ọmọ aráyé sí. Ara abẹ́rẹ́ ni ti ẹni tó ń jẹ tí kì í hàn lára rẹ̀. Ẹyin àti ẹ̀wà ni tirẹ̀, kò sì gbọdọ̀ febi sùn. Ara àlùmọ́gàjí ni ti ẹni tó le dan-in dan-in léjìká. Oúnjẹ gidi ló yẹ ẹ́, kó ṣáà má fi ìbínú jẹ ẹ́. Ara ìdì-aṣọ ni ti ẹni tó jẹ́ pé bó mí èémí lásán, á sanra. Ẹ̀fọ́, ẹja àti èso ni tirẹ̀, kó sì ṣíwọ́ nígbà tí ikùn bá ṣì láyè. Bó bá ti ń wọ̀n ọ́ léjìká ni yóò ti máa bi ọ́ ní ohun tó o jẹ láàárọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì òdìkejì títì tiẹ̀ wá bá a pé ó ń lé oníbàárà òun. Ó fèsì pé òun kò lé ẹnikẹ́ni, àwọn ara ìdì-aṣọ nìkan ni òun ní kí wọ́n dín búrẹ́dì kù. Obìnrin náà wo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kò sì kí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ a máa ṣe ohun tó ń wí. Nígbà tó lọ kí àwọn àna ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó dijú, ó ń rún òkèlè kan ṣoṣo, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, nítorí ó gbà pé ẹni tó ń rojọ́ nídìí oúnjẹ kò lè mọ ìgbà tó yó. Àwọn tó kù jẹun tán, wọ́n palẹ̀ mọ́, ó ṣì ń rún. Ara ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó rò pé iyọ̀ ọbẹ̀ ló pọ̀ jù. Bàbá ọkọ dìde, ó wọ yàrá lọ, ó mú oògùn jáde.

"Àna wa, ẹ fi èyí sí i," ni ó wí. "Eyín wo ló ń dùn yín nínú wọn?"

Ohun kan ń dun ìyàwó télọ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ni ọkọ rẹ̀ ti sọ irú ara tí wọ́n ní fún. Ewúrẹ́ aládùúgbò pàápàá, ó ní ara àlùmọ́gàjí ni. Ṣùgbọ́n òun tó sanra, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ọkọ rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un rí. Ó rò pé ọkọ òun ti wo òun títí, ó sì ti gbà pé ọ̀rọ̀ òun kọjá àtúnṣe. Kò bi í, nítorí ó ń bẹ̀rù ìdáhùn.

Àìsàn wá dé bá télọ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ní kó máa lọ sinmi nílé, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn yé ìyàwó rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bó ti ń fi ṣíbí fún un ní omi ẹja, ó rí i pé bí òun kò bá béèrè báyìí, òun kò ní béèrè mọ́.

"Baálé mi, gbogbo èèyàn lẹ ti wọ̀n. Èmi ńkọ́? Irú ara wo ni tèmi?"

Omi ẹja lásán ló wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró títí ó fi gbé e mì.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

"Ẹ ò mọ̀ kẹ̀?"

"Ta ni mo kọ́ oúnjẹ jíjẹ lára ẹ̀? Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, bí ajá ni mo ń jẹun. Ìwọ lo máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀, tó o máa wo oúnjẹ kó o tó bù ú, tó o máa rún un bí ẹni tí kò níbi í lọ. Bó o bá ti yó, o máa gbé abọ́ tì, ẹran ì báà kù síbẹ̀. Mo ń wò ẹ́ nílé, mo ń lọ kọ́ ará ìta. Ọmọ ilé ìwé wo ló ń fi téèpù yí olùkọ́ ẹ̀ nídìí?"

Obìnrin náà ní ṣé gbogbo ariwo tó ń pa ládùúgbò láti ọjọ́ yìí wá, ara òun ló ti jí i kọ́. Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní òun ti yó, kí ìyàwó òun jẹ ìyókù, kí òun máa wò ó.

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ lé itan, ó bù díẹ̀. Ó rọra ń jẹ ẹ́, ó rọra ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, kí ó má baà tètè tán.