Awọ Ìyá Arúgbó Tí Mo Rán Pa

Agogo méjì ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú ni mo rántí ohun tí mo ṣe. Agogo méjì gan-an ni eré máa bẹ̀rẹ̀.

Télọ̀ ni mí, Rye Lane ní Peckham, ní ìlú London, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. N kò bá àwọn eléré ṣiṣẹ́ rí, àfi ìgbà tí Délé, ọmọ ìjọ wa tó ń darí eré orí ìtàgé, wá ní kí n bá òun rán awọ ara. Ó ní àwọn ará Trinidad máa ń sọ ìtàn ìyá arúgbó kan tó ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí yóò di iná, tí yóò sì fò lọ. Mo ní àjẹ́ gidi nìyẹn, èmi tí mò ń wọ sùtánà ò ní ránṣọ fún un. Délé rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú eré tòun, akọni tó ń gba àwọn ará Peckham là ni, bí àwọn tó ń fò nínú fíìmù. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wọ́n omi àdúrà sí aṣọ náà.

Velcro ni wọ́n ní kí n fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ra lára bàtà ọmọdé yẹn, kí Marcia, òṣèré náà, lè fà á ya lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ń lanu díẹ̀ níbi ìdí, ara mi ò sì gbà á. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mushin máa ń sọ pé bí aṣọ bá ya lára oníbàárà, télọ̀ ló rìn níhòòhò. Ni mo bá fi ẹ̀rọ rán ibẹ̀ pa láàárọ̀ ọjọ́ eré, ìlà méjì. Àṣejù, baba àṣetẹ́!

Mo sáré dé ilé eré, mo mú abẹ dání. Marcia ti wọ awọ náà. Ó ní ìyá àgbà òun ti jókòó síwájú pátápátá. Ìyá yẹn ló pa ìtàn náà fún un ní kékeré, ṣùgbọ́n kò wá wò ó rí, torí ó gbà pé eré kì í ṣe iṣẹ́.

"Mo ti rán an pa," mo jẹ́wọ́.

Délé tan iná fóònù sí mi. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má gé ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn. Mo tú ìlà kan tán, mo tú ìkejì dé ìdajì, wọ́n pe Marcia sórí ìtàgé.

"Ó ti tó, Aunty," Marcia ní. "Màá fà á."

Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Nígbà tó kan ibi tí yóò ti bọ́ awọ, ó fà á, kò ya. Ó tún fà á. Mo ń bẹ Ọlọ́run.

"Fà á, ọmọ mi," ohùn àgbà kan ní láti iwájú.

Awọ náà ya dé ìdí. Iná pupa tàn, Marcia jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ akọni, àwọn èèyàn bú sáriwo. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún. Láti ibẹ̀ ni mo ti rí ìyá àgbà náà tó dìde, tó kọjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sọ fún wọn pé iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe nìyẹn.