Wọ́n Ní Bodil Kì Í Ṣe Òṣìṣẹ́ Àwọn

Bodil Kragelund kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lórí àga nínú ilé ìdáná rẹ̀, kọfí tí kò tíì mu wà níwájú rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, ó jókòó fún wákàtí méjì gbáko nínú gbọ̀ngàn yunifásítì ìlú wa, ó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan láti Berlin ń sọ, ọ̀rọ̀ náà sì ń hàn lára ògiri kí àwọn tí etí wọn ti di lè kà á. Ẹ fẹ́ mọ àkọlé ọ̀rọ̀ ọ̀hún? "Ta ni ká dá lẹ́bi bí ẹ̀rọ bá ṣìṣe?" Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá síbi àsọyé ọjọ́ Ajé mọ Bodil, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkurú tó ń lo awò ojú pupa, tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó kẹ̀yìn sí wa. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló lò lórí àga yẹn. Àwọn òṣèlú wá, wọ́n parọ́, ó tẹ irọ́ wọn láìbù kún un. Àwọn oníròyìn ẹgbẹ́ mi wá, wọ́n yin ara wọn, ó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ wá sọ fún wa pé láìpẹ́ kọ̀ǹpútà á gba iṣẹ́ gbogbo wa, ó tẹ ìyẹn náà láìṣi lẹ́tà kan. Lọ́jọ́ tí mínísítà kan fi ìdajì wákàtí sọ̀rọ̀ láìsọ nǹkan kan, Bodil tẹ gbogbo rẹ̀ délẹ̀, ó wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: "Olùsọ̀rọ̀ ń mu omi." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mínísítà náà rò pé àwàdà òun ló dùn.

Bàbá Aksel Brandstrup ni mo kọ́kọ́ rántí nígbà tí mo gbọ́. Ogójì ọdún nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló gba etí bàbá náà. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ìyàwó mi ti kú. Àwọn ọmọ mi wà ní Copenhagen, bí wọ́n bá pè mí, ńṣe ni wọ́n ń pariwo bí ẹni ń lé pẹ́pẹ́yẹ. Bodil nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ láìpariwo."

Ẹni méjì ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ọ̀kan á tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, èkejì á gbà á, kí ọwọ́ àti ọpọlọ lè sinmi. Ọwọ́ kan ò ṣáà gbé ẹrù dórí. Bó ṣe rí fún ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nìyẹn, kí ẹnì kejì Bodil tó fẹ̀yìn tì, tí wọn ò sì wá ẹlòmíì. Gunvor, àbúrò Bodil, ti kó lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ sí yunifásítì wá fún mi. Mọ́kànlá ni, láàárín ọdún mẹ́jọ. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mẹ́wàá nínú wọn: "A ti rí ìwé yín, a ó gbé e yẹ̀ wò." Èyí tó kẹ́yìn, ti oṣù Kìn-ín-ní, kò rí ìdáhùn rárá. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ọwọ́ òsì mi máa ń kú tipiri lẹ́yìn wákàtí kan. Mi ò tọrọ ìsinmi. Ẹnì kejì ni mò ń tọrọ."

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ló pa á. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, èmi kì í sì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún odidi ọdún mẹ́jọ?

Èmi náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Gbogbo ìròyìn tí mo kọ nípa àwọn àsọyé yẹn sínú ìwé ìròyìn yìí, ara ògiri ni mo ti ń dà wọ́n kọ, nítorí ọ̀lẹ kò jẹ́ kí n yọ kálàmù. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́: n kò dárúkọ Bodil lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Preben Lauge tó ń tọ́jú ilé ní yunifásítì fa àsíá dúró ní ìdajì òpó, bó ṣe yẹ ká ṣe fún òkú ilé iṣẹ́ ẹni. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí Henriette Skovbo, ọ̀gá tó ń darí àwọn àsọyé náà, fi dé ìdí òpó. Preben ló sọ bó ṣe lọ fún mi.

"Preben, ta ló kú?"

"Bodil ni, mà."

"Bodil wo?"

"Bodil tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sára ògiri yín láti ọdún mẹ́tàdínlógún."

"Háà, ìyẹn! Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n òun kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa, àgbàṣe ló ń ṣe. Òṣìṣẹ́ nìkan là ń fa àsíá fún. Jọ̀ọ́, bá mi fà á wálẹ̀, àlejò ń bọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n á máa béèrè."

"Ẹ fà á fúnra yín, mà. Èjìká ń dùn mí."

Madam Skovbo sì fà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè, báyìí làwọn àgbà wí. Bodil kò sunwọ̀n lójú wọn láàyè, ó kú tán, kò tún dère.

Àná òde yìí, ọjọ́ Ajé, àsọyé tún wáyé. "Ohùn ta là ń gbọ́ láyé ẹ̀rọ?" ni àkọlé rẹ̀. Madam Skovbo dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ oníná, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó se kọfí. Ògiri funfun báláú. Bàbá Aksel jókòó ní ìlà iwájú, ó tẹjú mọ́ ọn fún odidi wákàtí kan. Nígbà tí àkókò ìbéèrè tó, ó nawọ́, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó sì kígbe bí àwọn tí etí wọn ti di ṣe máa ń kígbe.

"Mi ò gbọ́ nǹkankan nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ, nítorí náà mi ò lè bi yín nípa ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, Bodil dà?"

Madam Skovbo dáhùn, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní ó dun àwọn, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn alágbàṣe ní ìlànà tirẹ̀.

"Mi ò gbọ́," ni Bàbá Aksel wí. "Ẹ kọ ọ́ sára ògiri."

Madam Skovbo ní ká bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.

Rárá, ẹ má bọ́ sórí ìkankan. Ta ló ka lẹ́tà mọ́kànlá, tó sì pinnu pé ẹnì kan tó? Ẹni náà ní tábìlì, orúkọ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Kí ó gun orí pèpéle lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ó dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé. Kí yunifásítì sì wá ẹni méjì, mo ní méjì, tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ sára ògiri bí ó ti ń sọ ọ́. Bàbá Aksel yóò wà ní ìlà iwájú, ó fẹ́ ka ìdáhùn rẹ̀.