Páálí Abẹ́ Bàtà Ìdúpẹ́

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ bàtà ṣì wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, nítorí náà ó yẹ kí n máa fi "wọn" pè é bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé. N kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. "Wọn" tí mo fi pè é nígbà tí mo wà lábẹ́ rẹ̀ ti tó ohun tí yóò máa jẹ dọjọ́ alẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Mọ́níyà, lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ ti máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ibẹ̀ pé ọwọ́ lòun fi ń ṣe bàtà, pé awọ gidi lòun ń lò, pé kò sí irú òun láti Ìbàdàn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ àwa ọmọṣẹ́ ni. Tirẹ̀ ni kó jókòó sórí àga, kó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kó máa sọ fún oníbàárà pé àwọn èèyàn ńláńlá tí òun kò lè dárúkọ ń wọ iṣẹ́ òun. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ tó gbé lé ara wọn yìí, òkìríkà ni, láti ilẹ̀ òkèèrè. N kò rí i rí kó wọ bàtà tó ti ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ jáde.

Ìyá mi kò fẹ́ kí n lọ síbẹ̀. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì fi gbogbo ayé wọn sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ìwé ni kọ́kọ́rọ́. Kí ọmọ tiwọn wá jáde ní Poli, kó lọ máa ti ọwọ́ bọ gọ́ọ̀mù, ìtìjú ni lójú wọn. "Ṣé ṣúmékà lo fẹ́ dà?" ni wọ́n bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọ́fíìsì tí mo ń wá kò wá mi, mi ò sì lè máa jókòó síbi kan kí n máa wo òkè.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ràn bí awọ ṣe máa ń dún tí ọ̀bẹ mímú bá gba inú rẹ̀ kọjá, àti bí òwú tí a fi ìda pa ṣe máa ń ha èèyàn lọ́wọ́ títí ìka yóò fi le. Ọ̀gá kì í pe orúkọ mi. "Ọmọ Ìwé" ló ń pè mí. "Ọmọ Ìwé, bá wa gbálẹ̀ ibẹ̀ yẹn." "Ọmọ Ìwé, ṣé wọ́n kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ra búrẹ́dì ní Poli?" Àwọn oníbàárà a rẹ́rìn-ín, òun náà á sì wo ojú mi bóyá ọ̀rọ̀ náà wọlé. Èmi a gba owó lọ ra búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, àwọn ni wọ́n tọ́ wa, Bàbá la sì ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, ní abúlé kan tí èèyàn ń gun ọ̀kadà dé láti Akanran. Ìjọ Áńgílíkà tó wà níbẹ̀ fẹ́ fi wọ́n jẹ Bàbá Ìjọ, wọ́n sì dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Mo sọ fún ara mi pé èmi ni n ó ṣe bàtà tí wọn yóò wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ.

Mo lọ wọn ẹsẹ̀ wọn. Mo tẹ́ pépà sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, mo sì fi bírò yí ẹsẹ̀ náà ká. Gìgísẹ̀ wọn sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ọmọ-ìka kan sì ti wọ́ látàrí àdá tó ṣá wọn nígbà kan rí.

"Ẹsẹ̀ yìí náà lo fẹ́ rán bàtà fún?" ni Bàbá wí. "O ò bá kúkú rán ti gbòǹgbò ìrókò."

"Ẹ jẹ́ kí n parí, Bàbá. Ẹ má mì."

Mo padà sí Mọ́níyà, mo sọ fún ọ̀gá pé mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ kan fún ara mi. Nígbà tó gbọ́ pé ti Bàbá Ìjọ ni, pé àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn yóò wà níbẹ̀, ó dìde lórí àga, ohun tí kì í sábà ṣe.

"Iṣẹ́ Bàbá Ìjọ kì í ṣe iṣẹ́ ọmọṣẹ́," ló wí. "Èmi fúnra mi ni n ó jókòó tì í. Tìrẹ ni kó o lọ ra awọ tó dáa wá."

Mo wọ ìgboro lọ. Lọ́dọ̀ Màlámù kan tó ń ta awọ tó ti Kánò wá, mo tú ìdì awọ títí mo fi rí èyí tó wù mí: awọ màlúù, pupa rúsúrúsú, ó nípọn, ó sì rọ̀. Àpá iná kan wà lára rẹ̀, níbi tí ẹni tó ni màlúù ti sàmì sí i nígbà tó wà láàyè. Àpá náà rí bí ẹsẹ̀ adìẹ gẹ́lẹ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àpá náà bọ́ sára okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kó lè jẹ́ àmì pé awọ gidi ni. Ó mi orí pé òun ti gbọ́, ó sì ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn.

Nígbà tó gbé bàtà náà jáde, ó ń dán gbinrin. Mo fọwọ́ pa okùn orí rẹ̀. Awọ ni lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ́lẹ́ bí awọ ewúrẹ́. Mo wá àpá, n kò rí i.

"Ọ̀gá, awọ yìí ti fẹ́lẹ́ jù."

"Mo bó o tínrín kó lè rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà."

"Àpá náà ńkọ́?"

"Mo gé e sọnù. Ṣé àpá lo fẹ́ kí Bàbá Ìjọ gbé wọ ilé Ọlọ́run?"

Abẹ́ rẹ̀ nípọn dáadáa, ó wúwo lọ́wọ́, ọ̀gá sì ti rán gbogbo etí rẹ̀ pa. Kò sí ọ̀nà tí ojú fi lè rí inú. Mo dì í, mo sì gbé e lọ fún Bàbá.

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí ọjọ́ ìdúpẹ́. Nígbà tó dá díẹ̀, a tò láti ilé Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, akọrin níwájú, ẹbí lẹ́yìn. Ọ̀nà abúlé ti di ẹrẹ̀. Bàbá ká agbádá wọn sókè, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń yẹra fún ẹyin. Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń gbọ́ ìró kan lábẹ́ orin, fọ̀, fọ̀, fọ̀, bí ẹni ń tẹ kànrìnkàn tó mu omi. Mo wolẹ̀. Abẹ́ bàtà Bàbá ti wú, ó sì ti la ẹnu níwájú.

N kò lè ké sí wọn. Ta ló máa ń dá Bàbá Ìjọ dúró láàárín orin ìwọlé? Wọ́n gba àárín àwọn ènìyàn lọ, bàtà ń la ẹnu, ó ń pa á dé. Ní àtẹ̀gùn pẹpẹ, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹsẹ̀ gòkè, okùn bàtà bá a lọ, gbogbo abẹ́ rẹ̀ sì dúró sílẹ̀. Ó wà lórí símẹ́ńtì níbẹ̀, ó rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Akọrin kan gbàgbé ohùn rẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn mi sọ, kò sì rọra sọ ọ́, pé, "Ọmọ àbúrò wọn tó kàwé ló ṣe é fún wọn."

Bàbá wo ilẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bọ́ èyí tó kù, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé wọn ni, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán kúnlẹ̀. Gìgísẹ̀ wọn tó sán kọjú sí gbogbo ìjọ títí àlùfáà fi gbàdúrà tán. N kò gbọ́ ọ̀kan nínú àdúrà náà.

Nílé, nígbà tí àlejò ń jẹun, Bàbá pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n di abẹ́ bàtà náà mú, ó sì ń ya sí wọn lọ́wọ́ ní ipele ní ipele.

"O ní awọ màlúù ni?"

"Awọ màlúù ni mo rà, Bàbá."

"Á jẹ́ pé èyí tó ń jẹ páálí káàkiri ìgboro ni wọ́n pa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sọ́dọ̀ àlejò. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo wá ọ̀rá, mo kó bàtà náà sínú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, mo bá ọ̀gá lórí àpótí, ó ń fi ìṣó kàn fọ́tò ńlá kan mọ́ ògiri. Òun ló wà nínú fọ́tò náà, òun àti olóṣèlú kan láti agbègbè wa, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́. Oníbàárà méjì jókòó, wọ́n ń yìn ín. Mo da ohun tó wà nínú ọ̀rá sórí tábìlì rẹ̀, mo sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. N kò pariwo.

"Omi ni," ló wí. "Awọ àti omi kì í ṣọ̀rẹ́. Ta ló ní kí wọ́n fi rìn nínú òjò?"

"Ọ̀gá, màlúù a máa rìn nínú òjò."

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó sì yára pa á mọ́ra. Mo mú ọ̀bẹ, mo la ẹsẹ̀ òsì tí kò tíì tú. Láàárín rọ́bà ìsàlẹ̀ àti awọ ewúrẹ́ tó fi bo òkè, páálí ọṣẹ ni. Àwòrán obìnrin tó ń fọ aṣọ ṣì wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí wa. Oníbàárà kejì wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó sì fi ìka tẹ abẹ́ rẹ̀ wò.

"Ìwọ lo ra awọ," ni ọ̀gá sọ. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́. Òun ló ra nǹkan tí mo lò."

Ìgbà yẹn ni mo wo fọ́tò ara ògiri dáadáa. Olóṣèlú náà jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà níwájú. Sàǹdáàsì tó wọ̀ pupa rúsúrúsú. Lára okùn iwájú, níbi tí kò sí ẹni tí kò ní í rí i, àpá ẹsẹ̀ adìẹ mi wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, awọ Bàbá mi ló wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin yẹn."

"Ṣé màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi iná sàmì sí ní Nàìjíríà?"

Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí, ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ òun lójú àwọn oníbàárà tí mo ba òun jẹ́ níwájú wọn, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun kò ní í ṣe fírídọ̀mù fún mi, kò sì sí ẹni tí yóò gbà pé mo kọ́ṣẹ́. Mo bọ́ épúrọ́ọ̀nù, mo gbé e lé orí páálí náà, mo sì jáde. Bí mo ṣe ń lọ, ó ń sọ fún wọn pé ìwé ló máa ń ba orí àwọn ọmọ báyìí jẹ́.

Ajíbọ́dé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, láàárín ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń háyà. Mo rò pé mo ti fi ẹ̀tàn sílẹ̀ ní Mọ́níyà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, ó ní bàtà mi dáa, àmọ́ kí n bá òun tẹ orúkọ ìlú kan ní Ítálì sí inú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti dé ìlú náà rí. Ó ní rárá, pé òun ò tilẹ̀ mọ ibi tó wà. Mo ní kó lọ rà á níbẹ̀. Irú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń bi mí pé irú awọ wo ni mo lò.

Ọ̀gá mi kò kú sínú ìtìjú. Olóṣèlú tó wọ awọ Bàbá mi ló ní kó wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ bàtà ní Akanran. Ìrónilágbára ni wọ́n pè é. Ọmọbìnrin Bàbá lọ síbẹ̀, ó sì gbé agolo gọ́ọ̀mù, súwẹ́tà tí wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú sí, àti sàtífíkéètì bọ̀ wálé.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín?" ni mo bi í.

"Wọ́n ní ká má fojú kéré ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n sì ya fọ́tò."

"Ṣé ẹ gé awọ?"

"Awọ ò tíì dé."

Sàtífíkéètì náà wà lára ògiri pálọ̀ Bàbá, nínú férémù. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ náà jẹun, n kò ní irú rẹ̀.

Mo ṣe bàtà mìíràn fún Bàbá. Awọ tó nípọn ni mo fi ṣe é, lókè àti nísàlẹ̀, mo sì rán an débi pé òwú náà gé mi lọ́wọ́. Nígbà ìkórè kòkó tó kọjá, mo lọ kí wọn, mo sì rí i lẹ́sẹ̀ wọn nínú oko, ẹrẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kò sí ibi kan tó tú. Àmọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà ọlọ́rá dúdú kan tó ń dán bí ojú dígí ni wọ́n gbé jáde.

"Bàbá, tèmi ńkọ́?"

"Tìrẹ ni ti oko. Èyí tó ń dán ni ti ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọ̀rá ni, Bàbá. Kò sí awọ kankan lára rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ọ̀rá ni," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń wá ihò tí wọn yóò fi okùn rẹ̀ sí. "Ẹni tó tà á fún mi kò pè é ní awọ."

Mo pòṣé, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì bá wọn di okùn náà.