Ohun Tí Aago Wí

Ogún ọdún ni èmi àti Bàbá Aláago fi jọ pín ògiri kan. Ilé tirẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tèmi wà lápá òsì, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì tó fara ti ara wọn bí ọ̀mùtí méjì. Òkè ni mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sí, mo sì kọ ẹ̀yìn sí ògiri náà. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀ tí n kì í gbọ́. Ẹ má pè mí ní olófòófó o. Ògiri ló fẹ́lẹ́.

Ogójì ọdún ló fi tún aago ṣe ní ìsọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú awò kékeré tó máa ń há mọ́ ojú ọ̀tún. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó gbogbo aago tí àwọn oníbàárà kò padà wá gbà lọ sílé. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ó kọ́ wọn káàkiri ògiri, kò sì sí méjì nínú wọn tó fohùn ṣọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ń lu mẹ́ta, òmíràn á máa lu mẹ́sàn-án.

"Bàbá Aláago," mo máa ń sọ, "òpùrọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ kó sílé yìí."

"Irọ́ kọ́, Ìyá Télọ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà máa ń béèrè pé kí ni aago wí? Wọ́n ń wí i. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́."

Àwàdà ni mo pè é. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí mo jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ tí iná lọ. Òkùnkùn náà pọ̀ débi pé n kò rí ọwọ́ ara mi. Mo ké. Bàbá Aláago kò dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. Ó dìde, ó gba àárín tábìlì àti àpótí kọjá, ó gbé tíì mi wá, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́ láìda ẹ̀kán kan sílẹ̀.

"Kí lẹ ń ké fún?" ló bi mí.

Kò mọ̀ pé iná ti lọ.

Kò lè sẹ́ ẹ mọ́. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, òsì sì tẹ̀lé e. "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ó wí, ó tún ń rẹ́rìn-ín, "etí lèmi fi ń ṣọ́ tèmi." Aago tó ń yára, ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná nìyẹn. Èyí tó ń fà bí ẹni tó ń sùn, ilé ìwẹ̀ ni. Ọ̀gá wọn ni aago ńlá kan tí ohùn rẹ̀ há, tó wà lórí ògiri tí a jọ pín, ní ẹnu àtẹ̀gùn gan-an. Bí Bàbá Aláago bá ti gbọ́ ọ lókè orí rẹ̀, á dúró, á na ọwọ́ di irin àtẹ̀gùn mú, á wá sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ọmọ mi. Ọjọ́ tó bá mọ̀ ló máa kó mi lọ sílé ẹ̀, wọ́n á gbé mi kalẹ̀ sójú kan bí àpótí. Ilé tí mo gbé ìyá wọn wọ̀ yìí, ibẹ̀ ni mo fẹ́ wà."

Mo ṣèlérí. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mẹ́nu mi, mo sì ń yin ara mi.

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ńlá kan. Ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ dọ́kàn, ṣùgbọ́n bí o bá jókòó tì í pẹ́, á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọ níwájú orí. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dé ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú páálí, òòlù àti ọ̀dà funfun.

"Màmá, mo fẹ́ bá bàbá palẹ̀ ilé mọ́," ló sọ fún mi. "Pàǹtírí ti fẹ́ lé wọn jáde."

Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kọ́kọ́ kó dànù, àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wà nídìí iṣẹ́ mi nígbà tí aago kan dákẹ́. Òmíràn tún dákẹ́. Mo ń kà á. Olóhùn híhá tó wà lẹ́yìn orí mi ló dákẹ́ kẹ́yìn. Láti ìgbà tó ti kó wọn wálé, n kò gbọ́ kí ilé yẹn dákẹ́ rí, ẹ̀rù sì bà mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ kí wọn. Gbogbo aago náà ti wà nínú páálí. Bàbá Aláago wà lórí àga ní yàrá rẹ̀ lókè, ó kọjú sí fèrèsé.

"Bàbá, ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù yín tí mo kùn," ọmọ náà wí. "Ṣé ó dára?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù wà. Kò yí orí. "Ó mà dára o! Mo rí i. Funfun yẹn yẹ ẹ́ gan-an."

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ ò tíì wo ẹ̀yìn!"

"Mo ti wò ó kí o tó wọlé," ó wí.

Nígbà tí ọmọ lọ mú ìgbálẹ̀ nísàlẹ̀, mo tẹ̀ sí i létí. "Màá sọ fún un lónìí."

Ó gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. "Ọjọ́ Àìkú ló ń lọ, Ìyá Télọ̀. Mi ò ní rìn títí dìgbà yẹn. Ta ni jíjókòó pa rí? Bó bá lọ, ẹ ẹ́ bá mi kọ́ wọn padà."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo sì gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ní Ọjọ́bọ̀ kò kúrò lórí àga. Bí ọmọ bá ti jáde, mo máa ń sáré lọ fà á lọ́wọ́ dé ilé ìwẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọmọ náà bá mi níwájú ilé, omi ti lé sí i lójú.

"Màmá, bàbá ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọn ò dìde. Kí ni mo ṣe fún wọn? Àbí aago yẹn ni?"

Ọlọ́run ló ṣílẹ̀kùn yẹn fún mi kí n sọ gbogbo ẹ̀. Mo sọ ìdajì.

"Aago náà ni," mo wí. "Dá wọn padà fún un."

Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n. Ìlérí kò yẹ̀, aago sì ń padà bọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ òòlù. Nígbà tó yá, àwọn aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi dùn débi pé mò ń kọrin sí aṣọ tí mò ń rán. Kí n tó rán apá kejì tán, ọ̀sán pé. Gbogbo wọn lu méjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́tàdínlógún, ohùn kan ṣoṣo. Ọmọ náà ti tún àkókò gbogbo wọn ṣe, wọ́n wá ń sọ òtítọ́.

Mo wá ń wá olóhùn híhá. Kò sí lẹ́yìn orí mi. Apá fèrèsé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní òdìkejì àtẹ̀gùn, ló ti ń dún.

Mo dá máṣíìnì dúró. Ọmọ náà ti tò wọ́n bí fáìlì, láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ìlà náà kọjá ẹnu àtẹ̀gùn, aago ńlá sì bọ́ sí ìparí. Ó ní láti jẹ́ pé ó na ara kọjá irin kó tó kọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn yàrá Bàbá Aláago ṣí. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yára, ó ń súfèé bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Mo fi ọwọ́ méjèèjì lu ògiri. "Bàbá Aláago! Ẹ dúró!" Ìlù aago bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ṣì ku ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Nígbà tí mo fi débẹ̀, ọmọ náà ti kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí bàbá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Ẹ̀mí ti bọ́.

"Màmá, ọ̀sán gangan ni o," ó ń wí. "Ọ̀sán gangan! Ṣé wọn ò rí àtẹ̀gùn ni?"

"Wọn ò rí i, ọmọ mi. Ó ti tó ọdún méjì tí wọn ò rí nǹkan kan. Aago yẹn ni wọ́n fi ń rìn."

Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Ẹ mọ̀," ó wí. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ní kí n dá wọn padà."